Bẹ́líìtì Ló Ń Sọ Ibi Tí Síìtì Yóò Wà: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Síìtì Ìdíje Nínú Ọkọ̀ Kan

Ìrora ìbàdí ló gbé oníbàárà yìí wá bá wa. Kò mú ọ̀rọ̀ ààbò kankan wá. Ó ti ra síìtì ìdíje méjì, irú èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà lódindi tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀, àwọn oníṣẹ́ kan sì ti bá a dè wọ́n mọ́ ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn mẹ́ta rẹ̀. Ó ń fi ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sì máa ń gbé e lọ sí pápá eré ìje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti wà á fún nǹkan bíi wákàtí kan, egungun ìbàdí rẹ̀ lápá kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì le gbagidi. Èrò tirẹ̀ ni pé fóòmù ìdí síìtì ló le jù. "Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi fi èyí tó rọ̀ díẹ̀ sí i." Kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ń kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nítorí pé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ń wá bá ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ síìtì, a sì ń yára gbé ọ̀bẹ sí fóòmù láì tíì wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

A kò tú nǹkan kan. A ní kó wọlé, kó jókòó bó ṣe máa ń jókòó, kó so bẹ́líìtì, kó tẹ kíláàṣì dé ilẹ̀, kó sì di sítíárì mú. A dúró níwájú ọkọ̀, a wò ó láti inú gíláàsì. Èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Nígbà tí a fi okùn wọ̀n ọ́n, àárín síìtì ti yẹ̀ kúrò lábẹ́ àárín sítíárì sọ́dọ̀ ilẹ̀kùn, ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta yẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà níbì kan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ níbòmíì, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń lọ́ ara rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè bára wọn pàdé. Ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Fóòmù tó rọ̀ ju òwú lọ kò lè wò ó sàn.

Orí rẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé ọkọ̀. Ìkúùkù kò kọjá láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ló dẹ́rù bà mí jù. Síìtì yìí ní apá ẹ̀gbẹ́ tó ga, kí ó lè di itan awakọ̀ mú níbi ìyípo. Apá ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì gun orí apá ẹ̀gbẹ́ yẹn kọjá, ó nà tààrà, ó sì wá jókòó sórí ikùn rẹ̀. Orí egungun ìbàdí ló yẹ kí bẹ́líìtì dùbúlẹ̀ sí, nítorí egungun ló lè gba agbára náà nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ní ikùn, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló máa gbà á. Ẹnu bẹ́líìtì, ìyẹn ibi tí à ń ki irin rẹ̀ bọ̀, ti rì sáàárín síìtì àti ibi tó ga láàárín ilẹ̀ ọkọ̀. Ìka méjì ni oníbàárà fi ń wá a káàkiri kó tó lè so ó. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò kà á sí ìṣòro mọ́.

Nígbà tí a gbé síìtì sókè, a rí bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ibi mẹ́rin tí síìtì ti ń so mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kì í sábà dọ́gba: ti inú lè ga ju ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ, ti iwájú náà lè ga ju ti ẹ̀yìn. Síìtì tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe ní ẹsẹ̀ tó ti bá ìyàtọ̀ yẹn mu. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ yìí wá fi wáṣà tí wọ́n tò léra wọn dí ìyàtọ̀ náà. Wọ́n fi iná jó brákẹ́ẹ̀tì kan títí ó fi pọ́n, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kun ún ní ọ̀dà dúdú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí wáṣà yẹn, nítorí mo ń rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ bóòtù ni pé kó fún irin méjì pọ̀ débi tí wọn ò fi ní lè yọ̀ lára wọn. Bí wáṣà bá ti ga láàárín wọn, bóòtù fúnra rẹ̀ ló wá di òpó tí síìtì dúró lé, gbogbo ìgbà tí a bá sì tẹ bíréèkì ni òpó náà ń tẹ̀ díẹ̀ tó sì ń padà. Irin tó bá ń tẹ̀ tó ń padà yóò kán lọ́jọ́ kan. Wáṣà yẹn tún ti jẹ gígùn bóòtù: tírẹ́ẹ̀dì tó kù láti wọ inú nọ́ọ̀tù ilẹ̀ kò tó nǹkan. Ó kéré tán, bóòtù tó fẹ̀ ní mìlímítà 10 gbọ́dọ̀ wọlé ní mìlímítà 10. Tí àlàfo bá wà tó pọn dandan kí a dí, irin kan ṣoṣo tó nípọn, tó fẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì tẹ́ la fi ń dí i, pẹ̀lú bóòtù tó gùn tó.

Ohun méjì míì tún wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, brákẹ́ẹ̀tì fẹ̀ ju ara síìtì lọ, wọ́n sì fi bóòtù fà á wọlé títí ó fi lẹ̀ mọ́ fáíbà. Fáíbà náà ti ní ìlà tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kan. Èkejì ni réèlì tó ń gbé síìtì lọ síwájú àti sẹ́yìn: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ní ìdè tó ń há. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gan-an, ẹ̀gbẹ́ tí kò há a máa sún díẹ̀, síìtì á sì fẹ́ yí. Oníbàárà ní òun máa ń gbọ́ "kọ̀" lábẹ́ òun, òun rò pé nǹkan kan ló já bọ́ sábẹ́ síìtì ni.

Ní ẹ̀gbẹ́ èrò, a rí résístọ̀ kan, ìyẹn ohun kékeré tó ń dín agbára iná kù, nínú wáyà. Nínú ọkọ̀ yìí, síìtì èrò ti ilé-iṣẹ́ ní sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ bóyá ẹnìkan jókòó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ń fi ìyẹn pinnu bóyá airbag iwájú, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba ara nígbà ìkọlù, yóò yọ. Nígbà tí wọ́n yọ síìtì náà, iná airbag tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Résístọ̀ ni wọ́n fi pa iná náà. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ń ka iye kan náà ṣáá, bóyá àgbàlagbà ló jókòó, bóyá ọmọdé, bóyá kò sí ẹnì kankan. Iná kú, oníbàárà sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sípò. Mo fi wáyà náà hàn án, mo sì ṣàlàyé fún un títí ó fi yé e. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ tú gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀."

Ìpinnu àkọ́kọ́ rọrùn: síìtì èrò ti ilé-iṣẹ́ padà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn, torí ó fẹ́ kí méjèèjì bára wọn mu. Ṣùgbọ́n lórí èyí, a kì í dúnàá dúrà. Síìtì awakọ̀ ọkọ̀ yìí kò ní airbag nínú. Ká ní ó ní i ni, a ò ní bá a yọ ọ́ rárá fún ọkọ̀ tó ń rìn lójú pópó. Ohun tí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ní ni ẹ̀rọ kékeré lábẹ́ ẹnu bẹ́líìtì, èyí tó ń fa bẹ́líìtì le lọ́gán tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Àwọn oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣì fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sún un. A tú orí bátìrì, a dúró fún àkókò tí ìwé ọkọ̀ náà sọ kí agbára tó wà nínú kọ̀ǹpútà airbag lè tán, ká tó fọwọ́ kan wáyà rẹ̀.

Oríire wa ni pé oníbàárà kò tíì ta síìtì ilé-iṣẹ́. Ó gbé ti awakọ̀ náà wá, a dè é padà sínú ọkọ̀, òun náà sì jókòó sínú rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀n tí a nílò ló wà níbẹ̀: ibi tí egungun ìbàdí rẹ̀ wà sí pẹ́dà, bí ìdí rẹ̀ ṣe ga tó kúrò nílẹ̀, ibi tí àárín síìtì bọ́ sí lábẹ́ sítíárì, ibi tí ẹnu bẹ́líìtì dúró sí àti bí bẹ́líìtì ṣe dagun tó. Ìlànà R14 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ kí bẹ́líìtì síìtì iwájú dagun láàárín dígírì 45 sí 80 ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Síìtì ilé-iṣẹ́ wà láàárín rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n dè fún un kò sí níbẹ̀.

A wá gbé síìtì fáíbà náà sórí pákó sínú ọkọ̀, láì so ó, a ń gbé e sókè, a ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ń sún un. Bí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó kí orí oníbàárà lè ráyè, tí a sì mú un wá sí àárín sítíárì, apá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ ẹnu bẹ́líìtì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Bí a bá gbé e sókè kí ẹnu bẹ́líìtì lè bọ́, orí á kan òrùlé. Kò sí ibi tí ara, bẹ́líìtì àti sítíárì ti gbà fún ara wọn.

Oníbàárà ní kí a fi gíráńdà gé apá ẹ̀gbẹ́ náà kúrò. Ìdáhùn wa ni rárá. Inú apá yẹn ni agbára síìtì fáíbà wà; ara rẹ̀ tó yípo ló jẹ́ kó le. Àkọlé FIA (àjọ tó ń darí eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé) tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó wà lábẹ́ ìlànà 8855-1999, kò wúlò mọ́ fún síìtì tí ẹnikẹ́ni bá ti gé tàbí tó ti lu ihò tuntun sí, yàtọ̀ sí pé ọdún 5 ni ìlànà yẹn fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èyí tiẹ̀ ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Ó tún béèrè bóyá kí òun kúkú lo bẹ́líìtì ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi ti àwọn tó ń sá eré ìje. Ìyẹn náà kò ṣeé ṣe nínú ọkọ̀ tí kò ní ọ̀pá ààbò òrùlé: bí ọkọ̀ bá gbókìtì tí òrùlé sì wólẹ̀, bẹ́líìtì ẹsẹ̀ mẹ́ta ṣì lè jẹ́ kí ara tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ mẹ́rin máa di ẹni náà mú ní ìdúró ṣánṣán lábẹ́ rẹ̀. Okùn ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kò ní èyí tó ń gba àárín itan kọjá tún lè fa ti ìbàdí gòkè sórí ikùn, ibi tí a ń sá fún gan-an.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi yìí ló tó sọ pé ìyàwó òun náà máa ń wa ọkọ̀ yìí. Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó pé ó sọ ọ́ ká tó ra irin kankan. A ní kí wọ́n jọ wá. Obìnrin náà kúrú jù ú lọ dáadáa. Òun ló sọ fún wa pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dè síìtì yẹn, òun máa ń tẹ́ ìrọ̀rí sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ òun tó dé kíláàṣì. Ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀ máa ń fún pọ̀ nígbà ìkọlù, bẹ́líìtì á sì dẹ̀ ní ìwọ̀n bó ṣe fún pọ̀. Nítorí náà, síìtì tuntun gbọ́dọ̀ sún, réèlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ há ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣeé tẹ̀. Réèlì náà yóò jẹ nínú gíga tí a kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá parí sí pé kí wọ́n ta síìtì ìdíje ti ẹ̀gbẹ́ èrò, tó ṣì dára, kí wọ́n sì ra ẹyọ kan tó jẹ́ ti ojú pópó: apá itan rẹ̀ kò ga jù, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀, ibi ìgbórílé rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó sì ní ìwé àṣẹ pé ó ti yege lábẹ́ ìlànà R17, tó jẹ́ ti agbára síìtì. Síìtì tó sán, a ní kó má tà á fún ẹnikẹ́ni. A gé e sí méjì kí ó má baà padà sínú ọkọ̀ ẹlòmíì.

Mo mọ àwọn wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ wọn gan-an, ó sì kọ́kọ́ wà lọ́kàn mi pé kí a ṣe ìpìlẹ̀ síìtì náà, ìyẹn irin tó so ó mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, fúnra wa. Ẹnu bẹ́líìtì ló yí èrò yẹn padà. Nínú ọkọ̀ yìí, síìtì ni ẹnu bẹ́líìtì so mọ́, kò so mọ́ ilẹ̀. Ìlànà R14 sì fẹ́ kí ibi tí bẹ́líìtì ẹsẹ̀ mẹ́ta so mọ́ gba nǹkan bíi 13,500 N (níútọ̀nù, ìwọ̀n agbára) lápá èjìká àti 13,500 N lápá ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tún fi ìlọ́po 20 ìwúwo síìtì kún un bí bẹ́líìtì bá so mọ́ síìtì. 13,500 N ti fẹ́ tó ìwúwo odindi ọkọ̀ kékeré kan. Wẹ́dà tó dára jù kò lè fi ojú rẹ̀ mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun yóò gba ìyẹn. A ra ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yẹn gan-an, tí wọ́n ti dán wò, tó ní ihò ẹnu bẹ́líìtì lára rẹ̀. Bóòtù bẹ́líìtì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ti mìlímítà, ti ínṣì ni, tírẹ́ẹ̀dì 7/16-20. Ti ilé-iṣẹ́ ni a fi padà, a kò fi òmíì tó jọ ọ́ dípò rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù fún ọwọ́ wa kò kéré. Kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù abẹ́ rẹ̀ ń dí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ láti kan irin ilẹ̀. A gé wọn yípo ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí irin lè jókòó sórí irin, torí bí fóòmù bá wà láàárín, bóòtù tí a fún le lónìí á dẹ̀ lọ́la. Ike tó bo ibi tó ga láàárín ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń ti síìtì sọ́dọ̀ ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀. A gé ike náà, a tún ẹnu rẹ̀ ṣe dáadáa, síìtì sì wọ abẹ́ àárín sítíárì. Mo rò pé àwọn tó ṣiṣẹ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rù láti ba ike tó mọ́ jẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn san gbèsè rẹ̀.

A gbé iwájú síìtì ga díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ kí itan lè sinmi lé e. Ibi tí réèlì pàdé ìpìlẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò pé méjèèjì wà ní ọ̀gbọọgba: a wọ̀n láti igun sí igun kọjá láàárín, nítorí réèlì tó bá wọ́ díẹ̀ lè sún dáadáa nígbà tí síìtì ṣófo, kó sì há mọ́lẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá jókòó lé e. Bóòtù M8 (tó fẹ̀ ní mìlímítà 8) ti ipò agbára 8.8 la fi so síìtì mọ́ réèlì, a sì fi spánà tó ń wọn agbára fún wọn ní nǹkan bíi 25 Nm. Ti ilẹ̀ ọkọ̀, ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀ la tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni fóòmù tí oníbàárà bá wá tó kan. Orí rẹ̀ ṣì sún mọ́ òrùlé díẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ẹni tó ń rán síìtì fún wa tú awọ ìdí rẹ̀, ó bẹ́ fóòmù náà láti abẹ́, kò fọwọ́ kan òkè, ó sì fi fóòmù tín-ín-rín tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tẹ́ ibi tí egungun ìdí ń gbé. Èyí lòdì pátápátá sí ohun tó béèrè níbẹ̀rẹ̀. Fóòmù tó rọ̀ jù máa ń jẹ́ kí ìdí rì, kí ìbàdí yí sẹ́yìn, kí bẹ́líìtì sì gòkè sórí ikùn. A ní kó jókòó sórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nínú ọgbà wa kó tó gbà pé kò ro òun.

Ìkúùkù kọjá láàárín orí rẹ̀ àti òrùlé báyìí. Ìyàwó rẹ̀ sún síìtì síwájú, ó tẹ kíláàṣì dé ilẹ̀, ó rí ojú ọ̀nà kọjá lórí sítíárì, àyà rẹ̀ sì jìnnà sí àárín sítíárì ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, ìyẹn àlàfo tí àwọn aláàbò ojú pópó Amẹ́ríkà gbani nímọ̀ràn kí ó wà láàárín awakọ̀ àti airbag. Àwọn méjèèjì fi ọwọ́ kan ṣoṣo so bẹ́líìtì láì wo ilẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ìbàdí wọn. Ìrora náà kò padà. A wa ọkọ̀ náà níbi tó ṣófo, a tẹ bíréèkì léraléra, kò sí "kọ̀" mọ́. Nígbà tó padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bóòtù kan ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn gba ìfúnle díẹ̀. Àwọn yòókù dúró bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: kí síìtì ilé-iṣẹ́ tó kúrò nínú ọkọ̀, ẹ wọn ibi tí ìbàdí, sítíárì àti ẹnu bẹ́líìtì wà nígbà tí awakọ̀ jókòó sórí rẹ̀, nítorí bí síìtì bá ti kúrò, ìwọ̀n yẹn ti bá a lọ. Ẹ béèrè ẹni tó tún ń wa ọkọ̀ náà, kí ẹ sì béèrè kí oníbàárà tó yan síìtì. Ẹ fi pákó gbé síìtì tuntun sínú ọkọ̀, kí ẹ so bẹ́líìtì mọ́ ènìyàn inú rẹ̀, ká tó sọ̀rọ̀ brákẹ́ẹ̀tì rárá. Bí bẹ́líìtì bá kọ̀, síìtì náà kọ́ ni fún ọkọ̀ yẹn. Bí iná airbag bá tàn, ohun tó fà á ni kí ẹ wá. Ẹ má fi ohunkóhun pa iná náà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà, bíi Jámánì, tí síìtì tí kò ní ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyẹ̀wò kó tó rìn lójú pópó, nítorí náà ẹ wádìí òfin ibi tí ọkọ̀ yóò ti máa rìn. Kí ẹ sì dá síìtì ilé-iṣẹ́ padà fún oníbàárà pẹ̀lú gbogbo bóòtù rẹ̀ nínú àpò kan tí ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ sí lára, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má tà á.